Abẹ́rẹ́ acupuncture fún ìrora oríkèé àgbọ̀n: kí ló ń wò, kí ni kò lè wò?

Ẹ fi ìka ìlábẹ̀ yín méjèèjì síwájú etí, ọ̀tún àti òsì, níbi tí etí ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ya ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yán, kí ẹ sì tún pa á dé. Ẹ ó rí i pé nǹkan kan ń yí lábẹ́ ìka yín, lẹ́yìn náà ó yọ́ síwájú, kòtò kékeré kan sì ṣí sílẹ̀ níbi tó ti kúrò. Orí eegun àgbọ̀n yín nìyẹn. Oríkèé tó so ó mọ́ agbárí wà níbi tí ìka yín wà yẹn gan-an. Ibẹ̀ ni wàhálà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tàbí ká kúkú sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí oríkèé yìí bá ń dà láàmú mọ̀ ọ́n lára. Á jí láàárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti le gbagidi bí ẹni tó fi gbogbo òru rún òkúta. Á fẹ́ yán, ẹnu ò ní ṣí dé ibi tó yẹ. Ẹ̀bátí á máa fọ́ ọ, etí á máa hó, ọrùn á gan. Á lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, wọ́n á ní etí rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Á lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, wọ́n á ní eyín rẹ̀ kò jẹrà. Níbi tó bá ti ń wá ọ̀nà kiri ni ẹnìkan á ti sọ fún un pé kó lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní acupuncture, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Ẹnìkan á ní abẹ́rẹ́ ọ̀hún ń dá eegun tó yẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Ẹlòmíì á ní irọ́ pátápátá ni, pé ṣe ni wọ́n kàn ń gbowó ọwọ́ ènìyàn.

Láìfepo-bọyọ̀, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Abẹ́rẹ́ náà ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá ìrora tó wá láti ara iṣan. Àmọ́ kì í tún ohun tó bàjẹ́ nínú oríkèé ṣe. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní ná owó àti ọ̀pọ̀ oṣù sórí ohun tí kò lè ràn án lọ́wọ́, kò sì ní sá fún ohun tó lè fún un ní ìsinmi.

Oríkèé tó ń ṣe iṣẹ́ méjì

Oríkèé orúnkún ń ká, ó sì ń nà. Ti àgbọ̀n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, orí eegun àgbọ̀n á kọ́kọ́ yí lójú kan, bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára òpó rẹ̀. Bí ẹnu bá wá fẹ́ ṣí gan-an, eegun náà á yọ́ síwájú kúrò nínú ihò rẹ̀, bí ìgbà tí a fa dúrọ́ọ̀ tábìlì síta. Ohun tí ìka yín bá pàdé lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Pẹlẹbẹ kan bíi kèrékèré wà láàárín eegun àgbọ̀n àti agbárí, òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Ó yẹ kí pẹlẹbẹ yìí máa bá orí eegun lọ, kó sì máa bá a bọ̀. Oríkèé ọ̀tún kò sì lè dá tirẹ̀ ṣe kí tòsì dá tirẹ̀ ṣe, nítorí eegun kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń tiro, ìyà rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kí ẹ fún eyín pọ̀. Iṣan tó wú lábẹ́ ọwọ́ yín yẹn kò tóbi, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ fíìfíì. Òun la fi ń fọ́ ohun líle lẹ́nu. Ẹ sún ọwọ́ lọ sí ẹ̀bátí, kí ẹ tún fún eyín pọ̀. Òmíràn ń sún níbẹ̀, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó máa ń di eyín fi ń rò pé orí ló ń fọ́ òun. Méjì mìíràn tún wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn erìgì.

Lẹ́tà mẹ́ta ni àwọn dókítà fi ń pe oríkèé yìí: TMJ. Àìsàn rẹ̀ ni TMD. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé “mo ní TMJ”, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ní in, méjì méjì. TMD fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn kan. Orúkọ agboolé ni, àìsàn tó ń gbé inú agboolé náà sì lé ní 30. A lè kó wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti iṣan: iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti ẹ̀bátí le, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń ro. Òmíràn ni ti pẹlẹbẹ: ó yẹ̀ síwájú, ó wá ń dún “kẹ́” nígbà tí orí eegun bá fò gun orí rẹ̀, bó bá sì kọ̀ tí kò padà, ẹnu á há, kò ní lè ṣí ju ìka kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀kẹta ni ti oríkèé fúnra rẹ̀ tó wú tàbí tó ti ń jẹ, bíi ti orúnkún àgbàlagbà. Ẹnìkan lè ní méjì pọ̀ o, ọ̀pọ̀ ló sì ní i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí, nítorí ó ń kó ìpayà bá àwọn ènìyàn láìnídìí: bí àgbọ̀n yín bá ń dún “kẹ́” ṣùgbọ́n tí kò dùn yín, tí ẹnu yín sì ń ṣí tó ń padé bó ṣe yẹ, ẹ kò nílò abẹ́rẹ́, ẹ kò nílò oògùn. Ó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ fi sílẹ̀.

Kí ló ń fà á? Nígbà mìíràn, ìjàǹbá ni: ẹ̀ṣẹ́, ìṣubú, tàbí ẹnu tí a là sílẹ̀ pẹ́ jù nígbà tí wọ́n ń tọ́jú eyín. Nígbà mìíràn, ìpahínkeke lójú oorun ni, tàbí eyín tí ènìyàn ń dì lójú ọjọ́ láìmọ̀ nígbà tí ìrònú bá pọ̀ lọ́kàn. Ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, àárín ọmọ ọdún 35 sí 44 ló sì ti pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, kò sí ohun kan pàtó tí a lè nàka sí. Àìrí ohun tí a lè nàka sí yìí ló jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì tó dunni.

Ní 1934, James Costen, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn rẹ̀ tí etí ń dùn, tí orí ń fọ́, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru eyín: ó ní eyín tó ti yọ kúrò lẹ́nu ló jẹ́ kí àgbọ̀n rì sẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ń rẹ́ eyín àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń fi wáyà tún un tò, nítorí àgbọ̀n tó ń dùn. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn kò gbe èrò yẹn lẹ́sẹ̀. Èkejì le ju èyí lọ. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà ń yọ pẹlẹbẹ oríkèé náà, wọ́n ń fi ti àtọwọ́dá tí wọ́n fi Proplast àti Teflon, tí wọ́n jẹ́ oríṣi ike, ṣe rọ́pò rẹ̀. Kò dúró. Ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àgbọ̀n ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ara sì gbógun ti àfọ́kù rẹ̀ títí ó fi ń jẹ eegun mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà lára àwọn ènìyàn nígbà náà, ojú àwọn kan nínú wọn kò sì padà bọ̀ sípò mọ́.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí pé ó ṣàlàyé ohun kan. Nínú ọ̀rọ̀ àgbọ̀n, ìtọ́jú tí a lè dáwọ́ rẹ̀ dúró láìfi àpá sílẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Acupuncture jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, èyí nìkan sì tó ìdí tí mi ò fi ní bá ẹni tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ jà.

Bí wọ́n ṣe ń gún un

Abẹ́rẹ́ yìí kò jọ èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò. Ti nọ́ọ̀sì ní ihò nínú, nítorí oògùn tó máa gba ibẹ̀ kọjá. Èyí kò ní ihò, kò sì sí oògùn kankan níbẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin mìlímítà kan lọ, èyí tí wọ́n ń lò fún ojú sì tún máa ń kéré sí i. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ, á tẹ̀ bí irun ẹnu ológbò.

Ẹ ó dùbúlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gún yín á kọ́kọ́ fi ìka wá ojú ibi tó ń dùn, bó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ibì kan wà lórí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́, nǹkan bí ìbú ìka kan síwájú kọ̀rọ̀ párì, níbi tó máa ń yọ gọngọ bí a bá fún eyín pọ̀. Jiache ni wọ́n ń pè é ní èdè Ṣáínà. Òmíràn ni Xiaguan, tó wà níwájú etí nínú kòtò abẹ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fún ti Xiaguan, ẹnu gbọ́dọ̀ wà ní pípadé, nítorí bí ẹ bá la ẹnu, orí eegun àgbọ̀n á yọ́ wá dí kòtò náà. (Ẹ tún lè fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò.) Wọ́n lè fi ọ̀kan sí ẹ̀bátí, ọ̀kan sí ìpàkọ́ lábẹ́ egungun orí. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni Hegu: ọwọ́ ló wà, nínú ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Àgbọ̀n ló ń dùn, ọwọ́ ni wọ́n ń gún! Láyé àtijọ́ pàápàá, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ti gbà pé ibẹ̀ ló ń ṣàkóso ojú àti ẹnu.

Wíwọlé rẹ̀ kò ju bí ẹ̀fọn ṣe ń jẹni lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ló yàtọ̀: ibẹ̀ á máa wúwo, á máa ro díẹ̀díẹ̀, bíi pé nǹkan ń fà á látinú. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní deqi, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì máa yí abẹ́rẹ́ náà díẹ̀ títí aláìsàn á fi sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi yín sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn kan máa ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń lọ, ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lápapọ̀.

Ẹ lè gbọ́ pé físíò kan, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, ń ṣe “dry needling”. Abẹ́rẹ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé físíò kò tẹ̀ lé àwòrán àwọn ará Ṣáínà. Kókó líle tó wà nínú iṣan ló ń wá, òun ló ń gún ní tààràtà, iṣan náà sì lè fò lẹ́ẹ̀kan. Nínú iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú ibi tí àwọn méjèèjì ń gún kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Kí ló dé tí ìrora fi ń lọ?

Àlàyé méjì ló wà, kò sì yẹ ká pò wọ́n pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, agbára kan tó ń jẹ́ qi ń ṣàn kiri ara ní àwọn ojú ọ̀nà kan. Ibi tó bá dí ni ìrora ti ń wá, abẹ́rẹ́ ló sì ń là á. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2010, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ acupuncture mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń la ara òkú wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí ojú ọ̀nà qi kankan bí wọ́n ṣe rí iṣan ẹ̀jẹ̀.

Àlàyé kejì wá láti inú ilé ìwádìí. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ara, iṣan ìmọ̀lára á ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ. Ọpọlọ á tú àwọn èròjà kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jọ ti oògùn apàrora líle, àmọ́ tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí fún àwọn ènìyàn kan ní naloxone, oògùn tó ń dínà mọ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìtura abẹ́rẹ́ náà dínkù lára wọn. Ní 2010, ìwádìí kan lára eku tún fi hàn pé èròjà mìíràn, adenosine, máa ń pọ̀ sí i yí ojú ibi tí wọ́n gún ká, ó sì ń pa ìrora lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Iṣan tó le náà sì lè dẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kàn án.

Ẹ wo gbogbo rẹ̀ dáadáa: ìròyìn ìrora ni, èròjà inú ọpọlọ ni, iṣan tó le ni. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gbé pẹlẹbẹ tó yẹ̀ padà, tàbí tó ti hu kèrékèré tuntun sórí eegun tó ti jẹ. Ìdí tí mo fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìrora iṣan ló bá a mu jù nìyẹn. Ẹni tí pẹlẹbẹ rẹ̀ yẹ̀ lè rí ìtura díẹ̀ o, nítorí iṣan tó yí oríkèé ká máa ń le láti dáàbò bò ó, bí iṣan náà bá sì dẹ̀, ẹnu lè ṣí sí i. Àmọ́ ẹni tó bá ń retí pé “kẹ́” inú àgbọ̀n òun á dákẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ń retí ohun tí abẹ́rẹ́ kò ṣèlérí.

Ohun tí ìwádìí rí

Aláìsàn á ní, “Mo gbà á, ó sàn fún mi.” Mi ò jiyàn. Ìbéèrè tó le ni pé: ṣé abẹ́rẹ́ ló ṣe é, tàbí àkókò? Ìrora àgbọ̀n máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ẹnìkan ń tẹ́tí sí i, tó ń fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ti ń di eyín látàárọ̀.

Láti yanjú rẹ̀, àwọn olùwádìí nílò abẹ́rẹ́ tó jọ òótọ́ tí kì í wọ ara. Ní 1998, Konrad Streitberger ní Jámánì gbé ọ̀kan jáde: orí rẹ̀ kò mú, bó bá sì kan ara, á wọ inú ọwọ́ rẹ̀ lọ bí ọ̀bẹ tí àwọn òṣèré fi ń gún ara wọn. Aláìsàn á rí i bíi pé ó ti wọlé, á sì gbà pé wọ́n ti gún òun.

Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn lórí àgbọ̀n kò rọrùn láti sọ ní gbólóhùn kan. Bí wọ́n bá fi àwọn tó gba abẹ́rẹ́ wé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣì dúró, abẹ́rẹ́ ń borí. Ní Sweden ní 1992, Thomas List àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín aláìsàn tó ju 100 lọ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba abẹ́rẹ́, àwọn kan gba ike tí wọ́n ń ki bọ eyín lálẹ́, àwọn tó kù dúró. Ara àwọn méjì àkọ́kọ́ ló yá sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀tàn, ìyàtọ̀ máa ń tín-ín-rín, àwọn ìwádìí náà kò sì fohùn ṣọ̀kan. Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2002 rí i pé ìrora dínkù fún àwọn tó gba gidi àti àwọn tó gba ẹ̀tàn bákan náà. Òmíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2007 ní gidi ló dára jù. Ìwádìí kékeré ni àwọn méjèèjì, tí ènìyàn inú wọn kò tó nǹkan.

Ẹ ó máa gbọ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti “fọwọ́ sí i”. Òótọ́ wà níbẹ̀, àbùlà sì wà níbẹ̀. Ìwé tí àjọ náà tẹ̀ jáde ní 2002 ka ìrora ojú, títí kan ti àgbọ̀n, mọ́ àwọn àìsàn tí ìwádìí ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bá ìwé náà wí gan-an pé ó gba ìwádìí tó mẹ́hẹ wọlé pẹ̀lú èyí tó dára.

Èyí tí mo gbára lé jù ni ìmọ̀ràn tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní Oṣù Kejìlá 2023 fún ẹni tí ìrora àgbọ̀n rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́ta. Àwọn tó jókòó ṣe é kó gbogbo ìtọ́jú jọ, wọ́n sì tò wọ́n. Àwọn tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọkàn: eré ìdárayá àgbọ̀n tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń tọ́ ènìyàn sọ́nà lórí rẹ̀, fífi ọwọ́ tẹ kókó inú iṣan, fífi ọwọ́ mú oríkèé rìn, títún bí a ṣe ń jókòó ṣe, àti ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá. Acupuncture wà ní ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e: wọ́n fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé bí a bá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn aláìsàn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ yàn án, ẹni tó bá sì ní òun ò fẹ́ kò ṣe àṣìṣe. Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé ike eyín, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn jù lọ, bọ́ sí ìsàlẹ̀ acupuncture: ìmọ̀ràn náà kò fara mọ́ ọn fún ìrora yìí, àní èyí tó ṣeé yọ. Èyí tó ń yí ìtò eyín padà títí láé ni wọ́n kọ̀ pátápátá, pa pọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ tó ń yọ pẹlẹbẹ.

Nítorí náà, ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí kò ṣe eré ìdárayá àgbọ̀n kankan ti mú ìkejì, ó fi àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín

Kì í ṣe gbogbo àgbọ̀n tó ń dùn ni TMD. Apá yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fò, nítorí abẹ́rẹ́ tó bá pa ìrora lẹ́nu mọ́ lè fi ewu pamọ́. Bí àgbọ̀n bá ń dùn nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ bá ń sáré, tí àyà sì ń fún yín, tàbí tí ìrora náà dé lójijì pẹ̀lú òógùn àti èémí tó ń há, ọkàn ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀bátí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí àgbọ̀n ń rẹ̀ kó tó jẹun tán, tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, lè ní àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí, èyí tó lè fọ́ni lójú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibà pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lè jẹ́ eyín tó ti kó ọyún. Ẹnu tó bá há lẹ́yìn ọgbẹ́ lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹnu tó bá là sílẹ̀ tí kò lè padé mọ́, oríkèé rẹ̀ ló yẹ̀ kúrò nínú ihò. Dókítà ló ń fọwọ́ dá a padà, kì í ṣe alábẹ́rẹ́. Kókó tó ń dàgbà, tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà kíá.

Bí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò tó sì ní TMD ni, ewu acupuncture kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ojú ibi tí wọ́n gún lè dúdú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè kán, òòyì lè kọ́ yín, ìdí nìyẹn tí dídùbúlẹ̀ fi dára ju jíjókòó lọ. Ibi tí ewu gidi wà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn, tó lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ wọ ara. Ẹ jẹ́ kí ó ṣí ìdì abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí oyún wà nínú, ẹ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn alábẹ́rẹ́ kì í gún Hegu fún aboyún. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n so iná mọ́ abẹ́rẹ́ òun. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ dá oògùn dókítà yín dúró nítorí abẹ́rẹ́, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Nílé, ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pe “n”, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí ahọ́n yín wà: orí rẹ̀ kan àjà ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú, eyín òkè kò sì kan tìsàlẹ̀. Ẹ wá pa ètè dé láìjẹ́ kí eyín kanra. Bó ṣe yẹ kí ẹnu wà ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá jẹun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yà lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá yẹ ara wọn wò lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n rí i pé eyín wọn ti wà ní dídì fún wákàtí mélòó kan. Bí yíyán bá dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbé àgbọ̀n dúró. Ẹ jẹ oúnjẹ tó rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí ẹ bá sì pinnu láti gbìyànjú abẹ́rẹ́, ẹ mú bébà kí ẹ tó lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ la ẹnu dé ibi tó bá lè dé, ẹ wò bóyá ìka mẹ́ta lè wọlé lórí ara wọn láàárín eyín iwájú. Ìyẹn ni ti ẹnu tó dára. Ẹ kọ iye tó wọlé sílẹ̀. Ẹ kọ ìrora yín láti 0 dé 10, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ẹ kọ orúkọ ohun kan tí ẹ kò lè jẹ mọ́. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kí ẹ gbé bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìka kejì tí kò lè wọlé tẹ́lẹ̀ bá ti wọlé, tí 7 ti di 3, ẹ máa bá a lọ. Bí nǹkan kan kò bá yí padà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ alábẹ́rẹ́, kí ẹ mú bébà náà padà lọ bá dókítà tàbí físíò yín.